Mary McLeod Bethune: Ọmọ ẹrú tó jà kí owó ìrànwọ́ ìjọba lè dé ọwọ́ ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí kò níṣẹ́

Lọ́dún 1935, lásìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àtàwọn tí àìlówó fẹ́ lé kúrò níléèwé.

Lórí ìwé, gbogbo ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ló ni owó náà. Àmọ́ láwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, àwọn aláwọ̀ funfun ló jókòó sídìí àpò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní in lọ́kàn láti fún ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìpín tó tọ́ sí i.

Obìnrin kan tó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún ló dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, oko òwú ló ti dàgbà, owó ìrànwọ́ ló sì fi kàwé.

Mary McLeod Bethune ni orúkọ rẹ̀.

Ta ni Mary McLeod Bethune?

Ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1875 ni wọ́n bí Mary Jane McLeod nítòsí ìlú Mayesville, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Ọdún mẹ́wàá péré ló tíì kọjá lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí ìfinisẹ́rú ní Amẹ́ríkà.

Ọmọ mẹ́tàdínlógún ni Samuel àti Patsy McLeod bí, Mary ló ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí.

Lẹ́yìn tí ìdílé náà gba òmìnira, wọ́n ra ilẹ̀ kékeré kan, wọ́n sì ń gbin òwú síbẹ̀. Ìyá Mary kò dẹ́kun iṣẹ́ nílé àwọn aláwọ̀ funfun tó ni ín nígbà kan rí, Mary náà sì máa ń tẹ̀ lé e lọ.

Ní ọjọ́ kan tí ó bá ìyá rẹ̀ lọ, ó rí ìwé kan, ó sì mú un. Ọmọ aláwọ̀ funfun kan ní kó gbé e sílẹ̀ kíákíá, pé kò lè mọ̀ ọ́n kà. Mary sọ lẹ́yìn tó dàgbà pé ọjọ́ náà ló ti yé òun pé ìwé kíkà ló ya ayé àwọn aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ sí ti àwọn òbí òun.

Nígbà tí àwọn ìjọ Presbyterian ṣí iléèwé kan fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Mayesville, agbára àwọn McLeod kò gbé ju ọmọ kan lọ, nítorí oko ń fẹ́ òṣìṣẹ́. Mary ni wọ́n mú. Nǹkan bíi máìlì márùn-ún ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ, yóò tún rìn ín bọ̀. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, yóò kọ́ àwọn ará ilé ní ohun tó kọ́.

Owó ìrànwọ́ ẹnìkan ṣoṣo

Ẹ̀kọ́ iléèwé náà kò gùn. Nígbà tí Mary parí rẹ̀, kò sówó láti tẹ̀síwájú, ó sì padà sí oko òwú.

Ìrànwọ́ wá láti ibi tí kò fojú sí. Aránṣọ kan tó ń gbé ní Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado, tó ń jẹ́ Mary Crissman, ti fi owó pamọ́ láti fi rán ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo níléèwé. Emma Wilson, olùkọ́ Mary ní Mayesville, ni wọ́n ní kó yan ọmọ náà, Mary ló sì yàn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ iléèwé Scotia Seminary ní ìpínlẹ̀ North Carolina lọ́dún 1888. Ó kàwé, ó tún ń ṣiṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti oúnjẹ sísè níbẹ̀ láti fi kún owó ìtọ́jú rẹ̀.

Ọ̀nà tí ìrànwọ́ yìí gbà wá kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà lóko pẹ̀lú rẹ̀, òun nìkan ni ẹ̀bùn náà kàn. Bí kì í bá ṣe ti àánú àjèjì kan àti olùkọ́ tó dá orúkọ rẹ̀, oko òwú ni òun náà ìbá wà títí.

Àlá Áfíríkà tó já sófo

Ohun tó wà lọ́kàn Mary ni láti wá ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì nílẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 1894, ó lọ sí iléèwé Bíbélì tí Dwight Moody dá sílẹ̀ ní Chicago láti múra sílẹ̀.

Àmọ́ nígbà tó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ míṣọ́nnárì ìjọ Presbyterian, èsì tó gbà ni pé kò sí àyè fún míṣọ́nnárì aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún títí tó fi darúgbó. Ó padà sí gúúsù Amẹ́ríkà, ó di olùkọ́. Ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Lucy Laney, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó dá iléèwé tirẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rí i pé iṣẹ́ tó fẹ́ lọ ṣe ní Áfíríkà wà nílé.

Ó fẹ́ Albertus Bethune lọ́dún 1898, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan, Albert. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ padà sí South Carolina.

Iléèwé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $1.50

Lọ́dún 1904, Mary Bethune dé Daytona, ní ìpínlẹ̀ Florida, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ti ń la ojú irin àti ilé ìtura, tí àwọn ọmọ wọn kò sì ní iléèwé gidi.

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá ọdún náà ló ṣí iléèwé àwọn ọmọbìnrin. $1.50 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, Albert ọmọ rẹ̀ ṣe ìkẹfà.

Àpótí tí wọ́n rí he ni wọ́n fi ṣe àga àti tábìlì. Èédú igi ni pẹ́ńsù, omi èso inú igbó ni yíǹkì. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣe páì ọ̀dùnkún àti áísìkiriìmù tà fún àwọn òṣìṣẹ́. Ilẹ̀ tó rà láti kọ́ iléèwé sí, ààtàn ni.

Mary Bethune kò tijú àtitọrọ. Ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn olówó aláwọ̀ funfun tó ń wá lo ìsinmi ní Daytona. Ọ̀kan lára wọn ni James Gamble, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble sílẹ̀, ẹni tó padà di alága ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iléèwé náà.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ìlú kò fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó ń ṣàìsàn ní ìtọ́jú tó yẹ nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ́dún 1911.

Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́dún 1920, ó ń kó àwọn aláwọ̀ dúdú lọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Ku Klux Klan yan wá sí ọgbà iléèwé rẹ̀ lóru láti dẹ́rù bà á. Kò sá. Ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ dìbò.

Iléèwé náà darapọ̀ mọ́ Cookman Institute ti Jacksonville lọ́dún 1923, nígbà tó yá, ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń pè ní Bethune-Cookman.

Ìgbà ọ̀dá owó

Lọ́dún 1929, ọjà ìpín ìdókòòwò wó ní New York. Nígbà tó fi máa di 1933, nǹkan bí ẹnìkan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà.

Nílé àwọn aláwọ̀ dúdú, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì ń gbà kẹ́yìn. Iṣẹ́ ìnira tí aláwọ̀ funfun kì í fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, ebi mú kí wọ́n máa jà á gbà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú.

Àwọn ọmọ iléèwé kò lè san owó. Àwọn tó sì ti fi iléèwé sílẹ̀ láti wá iṣẹ́ kò rí iṣẹ́, wọn kò sì lè padà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1935, Ààrẹ Roosevelt dá àjọ National Youth Administration, NYA, sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àjọ náà ń gbà ràn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 16 sí 25 lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún àwọn tí kò sí níléèwé, tí wọn kò sì níṣẹ́. Ìkejì ni owó oṣù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní alátìlẹ́yìn, kí wọ́n lè dúró síléèwé tàbí kí wọ́n padà síbẹ̀.

Owó náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé, ní ọ́fíìsì tàbí nínú ọgbà iléèwé rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ọmọ iléèwé girama kì í gbà ju $6 lọ lóṣù, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì a sì máa gba nǹkan bíi $15.

Owó kékeré nìyẹn lójú ẹni tó ní. Lójú ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kì í fojú rí owó lọ́pọ̀ oṣù, òun ló ń pinnu bóyá yóò kàwé tàbí yóò padà sóko.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ

Nígbà yẹn, Mary Bethune ti di gbajúmọ̀. Ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú jákèjádò Amẹ́ríkà láti 1924 sí 1928, ó sì dá àjọ National Council of Negro Women sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1935.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Eleanor Roosevelt, ìyàwó Ààrẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń gba àjọ NYA nímọ̀ràn.

Lọ́dún 1936, ó wà lára àwọn tó lọ ṣàlàyé iṣẹ́ àjọ náà fún Ààrẹ Roosevelt. Ó sọ fún un ohun tí $15 tàbí $20 lóṣù ń ṣe nínú ilé àwọn òtòṣì aláwọ̀ dúdú. Ìròyìn sọ pé ọ̀rọ̀ náà mú kí omi lé sójú Ààrẹ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó wá máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú nínú àjọ náà. Bó ṣe di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka kan nínú ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn.

Níbo ni owó náà ti ń há?

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń pín in. Ìjọba àpapọ̀ ló ń fowó sílẹ̀, àwọn ọ̀gá tó wà ní ìpínlẹ̀ ló ń ná an, aláwọ̀ funfun sì ni wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ríṣẹ́ lábẹ́ àjọ náà níbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti ìdílé tí ọ́fíìsì ìrànwọ́ ti fọwọ́ sí pé ó tòṣì. Ní gúúsù, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ funfun náà ni wọ́n tún ti ń gba ìwé yẹn.

Mary Bethune gbàgbọ́ pé bí aláwọ̀ dúdú kan kò bá sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń pín owó, owó náà kò ní dé ilé aláwọ̀ dúdú. Ó ń tẹ àwọn ìpínlẹ̀ níkùn kí wọ́n gba aláwọ̀ dúdú gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá NYA níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1941, ó lé ní ogún ìpínlẹ̀ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Òun àti Aubrey Williams, ọ̀gá àgbà NYA, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun ọmọ Alabama, tún dúró lé òfin kan: ìpín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú nínú owó náà kò gbọdọ̀ kéré sí ìpín wọn nínú iye ará ìlú ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìpínlẹ̀ bíi Mississippi, tí aláwọ̀ dúdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ará ìlú, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Àmọ́ òfin náà tún bá ìṣòro kejì pàdé. Ọwọ́ iléèwé ni owó akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kọjá. Láwọn agbègbè kan ní gúúsù, ìjọba kò kọ́ iléèwé girama kankan fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọmọ tí kò sí níléèwé kò lè gba owó akẹ́kọ̀ọ́, bó ti wù kó tòṣì tó. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ lánàá ló di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń sọ pé kò yẹ fún ìrànwọ́ lónìí.

Ìṣòro kẹta wà lókè. Àwọn yunifásítì ìjọba ní gúúsù kì í gba aláwọ̀ dúdú, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú díẹ̀ ló sì lè fúnni ní oyè gíga. Ẹni tó fẹ́ kàwé ju oyè àkọ́kọ́ lọ gbọ́dọ̀ fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, owó NYA tó wà nílẹ̀ kò sì tó fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀.

Mary Bethune jà títí tí àjọ náà fi ya owó pàtàkì kan sọ́tọ̀ fún wọn, ìkáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pípín rẹ̀ sí. Láti 1936 sí 1943, ó lé ní $600,000 tó gba ibẹ̀ kọjá, ó sì lé ní 4,000 akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà kí aláwọ̀ dúdú jókòó sídìí owó ìjọba àpapọ̀.

Irú ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà tún jẹ́ ìjà. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, aṣọ fífọ̀ àti oko ni wọ́n ń ya sọ́tọ̀ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń súnmọ́lé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ń wá òṣìṣẹ́, ó ní kí wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ àti wẹ́dà pẹ̀lú. Ó tún wà lára àwọn tó rí i pé ètò tí ìjọba fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú dé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọ̀nà rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo aláwọ̀ dúdú ló yìn ín. Ní gúúsù, NYA gbà kí wọ́n ya ibùdó ẹ̀kọ́ṣẹ́ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti aláwọ̀ funfun, Mary Bethune kò sì torí ìyẹn kọ owó náà.

Lójú àwọn kan, ẹni tó bá gba ìpín tirẹ̀ lábẹ́ ìyàsọ́tọ̀ ti gbà pé ìyàsọ́tọ̀ náà dára. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí kò bá wọ iléèwé lọ́dún yìí kò ní lè dúró de ọdún tí òfin yóò yí padà. Ó ń gba èyí tó wà nílẹ̀, kò sì dákẹ́ lórí èyí tó kù.

Ilé rẹ̀ ní Washington ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ìjọba Roosevelt ti ń ṣèpàdé láti 1936, kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 1937, ó pe àpérò ńlá kan jọ ní Washington lórí ìṣòro àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọ̀dọ́ wọn, wọ́n sì fi àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba.

Gbogbo ìgbà yìí, ikọ́ fée ń bá a fínra, síbẹ̀ ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn láti fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ná owó náà.

Nígbà tí àjọ náà kógbá sílé

Lọ́dún 1943, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà dá owó NYA dúró. Ogun ti pèsè iṣẹ́, àwọn alátakò ètò Roosevelt sì ti ń wá ọ̀nà láti pa àjọ náà tì pẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e fi ìtumọ̀ iṣẹ́ Mary Bethune hàn. Lọ́dún 1944, ìjọba ṣe òfin tó fún àwọn ọmọ ogun tó ń bọ̀ láti ojú ogun ní owó iléèwé àti owó ìgbọ́bùkátà nígbà tí wọn kò bá níṣẹ́. Òfin náà kò ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀. Àmọ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ló fi ìmúṣẹ sí, kò sì sí irú òfin ìpín tí NYA ní.

Ní gúúsù, wọ́n kọ owó fún ọ̀pọ̀ ológun aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ń darí wọn sí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú kò sì láyè tó láti gba gbogbo àwọn tó fẹ́ kàwé.

Áfíríkà nígbẹ̀yìn

Mary Bethune kò fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 1945, ó wà ní San Francisco pẹ̀lú W.E.B. Du Bois àti Walter White, gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́ NAACP, níbi tí wọ́n ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn tó wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn, àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn nígbà náà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1952, ìjọba Amẹ́ríkà fi í ṣe ọ̀kan lára àwọn aṣojú rẹ̀ síbi ìbúra ìgbà kejì fún Ààrẹ William Tubman ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti sọ fún un pé kò sí àyè fún un ní Áfíríkà. Ẹni ọdún 76 ni nígbà tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, Làìbéríà sì fi oyè ìdálọ́lá dá a lọ́lá.

Ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 1955 ló jáde láyé ní Daytona. Inú ọgbà iléèwé tó fi $1.50 bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Yunifásítì ni ibẹ̀ lónìí.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère rẹ̀ nínú ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ kan yóò fi ère rẹ̀ ṣojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ère tí Florida gbé kúrò kí tirẹ̀ tó wọlé jẹ́ ti Edmund Kirby Smith, ọ̀gágun kan tó jà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀.